Bátìrì Oníyọ̀

Èmi ni akápò. Ọwọ́ mi ni kọ́kọ́rọ́ wà.
Ẹ má wá Mùkáílà lọ sílé ìyá rẹ̀ l'Ọ́tà Ẹfun,
èmi ni kí ẹ kọ́kọ́ bi.

Mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀,
owó ìfẹ̀yìntì tí a fi ọdún méje dúró dè,
tí Bàbá Oyèébísí tò lórí ìlà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi wú,
a kó o fún ọmọ tí èmi fúnra mi kọ́ ní ìsọdipúpọ̀.

Ó ní iyọ̀ ni òun fi ṣe é.
Iyọ̀! Irú èyí tó wà nínú ọbẹ̀.
Ó ní tàwọn òyìnbó a máa gbiná, tòun kò níí gbiná.
Ó gbé e ka orí tábìlì ní gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ l'Ókè-Fìà,
ó fi yí fáànù mẹ́ta láti ìrọ̀lẹ́ di ìdájí.
Ọkùnrin oníkóòtù kan láti Ìbàdàn fọwọ́ kàn án, ó rẹ́rìn-ín,
ó ní bí a bá mú tiwa wá, òun á mú ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀ wá.
Iyọ̀ ni, a sì yọ̀.

Òru Àlàmísì, aago méjì kọjá díẹ̀,
ọ̀kan nínú ọgọ́rin tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn
wú bí búrẹ́dì nínú ààrò.
Èkejì gbọ́, òun náà wú.
Iná náà funfun, ó ń pòṣé.
Bàbá Lámídì ọdẹ bu omi lù ú, torí omi la mọ̀,
omi tún wá bí i nínú.
Ọwọ́ ọ̀tún ni ó fi san owó ohun tí kò rà.

Lọ́jọ́ Ajé, lẹ́tà Ìbàdàn dé. Ìlà mẹ́ta péré.
Ó ní ewu ti ju èrè lọ.
Kò béèrè pé ọdẹ ńkọ́.

Àwọn kan ní kí a mú ọmọ náà lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá.
Mo bá a níbi eérú,
ó ń fi igi tú u bí ẹni tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ sọnù.
Ó ní: "Tíṣà, mo ti rí i.
Awọ tó wà láàárín ló tín jù.
Ó yẹ kí n fi oṣù mẹ́fà sí i dán an wò.
Ẹ ní kí n yára."

Ẹ ní kí n yára.
Òótọ́ ni. Ẹ̀yin kọ́, èmi ni.
Ìwé tí mo kọ sí i lóṣù Ọ̀wàrà ṣì wà nínú fáìlì:
"Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń béèrè. Ìgbà wo?"
Ẹni tó ń se ẹ̀wà mọ ìgbà tí yóò jinná;
àwa tí ebi ń pa la ń ṣí ìkòkò wò.

Wọ́n ní igbe ẹni tí wọ́n fọ́ ìkòkò aró rẹ̀ ni orúkọ ìlú yìí.
Ọdẹ gé igi, igi wó sódò,
ohùn kan ta láti inú omi:
ẹ̀yin oṣó inú igbó, ẹ ti fọ́ ìkòkò aró mi tán!
Wọn kò sá. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n sún sẹ́yìn díẹ̀, wọ́n tẹ̀dó.
Mi ò sọ pé ìkòkò náà ò fọ́ o.

Ọkọ mi ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ irin kí koríko tó gbà á.
Títí ó fi kú, kò sẹ́ni tó sọ ohun tó bà á jẹ́ fún un.
Èyí, ó kéré tán, ẹnìkan mọ ibi tó ti bàjẹ́.

Lálẹ́ òní mo ṣí ìwé ìṣirò.
Apá òsì, owó tó wọlé. Apá ọ̀tún, owó tó jáde.
Kò síbi tí mo lè kọ ọwọ́ Bàbá Lámídì sí.
Mo kọ owó oògùn rẹ̀ ná, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́sàn-án.
Àtàǹpàkò òsì ni ó fi tẹ̀ ẹ́,
ó ní kó má bínú, kò tíì mọ̀ ọ́n ṣe.
Ti mílíọ̀nù mẹ́rin àti ààbọ̀,
mi ò kọ òfò, mi ò kọ òkòwò.
Ìpàdé di Sátidé.
Kí kálukú gbé àga tirẹ̀ dání,
ti gbọ̀ngàn ti jóná.